Ṣé orúkọ ẹni lè tú àṣírí ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lọ́kàn rẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà lórí Facebook àti X kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kọ. Wọ́n bá rí Emeka, wọ́n ní Obídíẹ̀ntì ni. Wọ́n bá rí Káyọ̀dé, wọ́n ní ọmọ ẹ̀yìn Jagaban ni, àfi tó bá búra pé òun kọ́. Sulaimon ló máa ń dà wọ́n láàmú, nítorí ó lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ó sì lè jẹ́ ọmọ Bauchi. Àṣà yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, àwọn ará Faransé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé lórí ọ̀rọ̀ náà jọ síbí. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá gùn, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má fọ̀rọ̀ gùn: ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ènìyàn ń wò kọ́ ló wà. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kọ́ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Òbí ló fún un, ní ọdún kan báyìí, ní ìlú kan báyìí, nínú ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe nígbà náà. Nítorí náà, ohun tí orúkọ máa ń jẹ́ ká fura sí ni ọjọ́ orí ẹni, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn ilé bàbá rẹ̀, àti nígbà mìíràn bóyá ilé ọlọ́lá ni wọ́n bí i sí tàbí ilé mẹ̀kúnnù. Níbi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ti ń darí ìbò, orúkọ á wá dà bí ẹni pé ó mọ ìbò. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà jọ, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n fì sápá kan. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, tẹ́tẹ́ lẹ̀ ń ta.

Orúkọ tí àgbàlagbà fọwọ́ ara rẹ̀ yàn fún ara rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ìyẹn lè sọ̀rọ̀ gan-an. A ó dé orí rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ní Amẹ́ríkà? Ṣebí ohun ìkọ̀kọ̀ ni ìbò?

Ìbò fúnra rẹ̀ jẹ́ ìkọ̀kọ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni kì í ṣe ìkọ̀kọ̀. Ní nǹkan bí ìpínlẹ̀ 30 pẹ̀lú Washington D.C., ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lè kọ ẹgbẹ́ tó wà síbẹ̀, àwọn olóṣèlú sì lè rí ìwé náà gbà. Ọ̀rọ̀ owó tún wà: olùdíje sípò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tí owó tó dá fún un bá ti ju dọ́là 200 lọ ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣọ́ ètò ìbò, gbogbo ayé ló sì lè kà á. Lẹ́yìn èyí ni ìwé orúkọ àwọn ọmọ tuntun tí àjọ Social Security ń gbé jáde, tí ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1880. Ẹni tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ti ní ohun tó lè fi ṣírò.

Ìwé orúkọ ọmọ tuntun yẹn jẹ́ ká mọ̀ pé Jennifer ló gba ipò kìíní láàárín orúkọ ọmọbìnrin láti 1970 títí dé 1984. Linda ló wà nípò yẹn láti 1947 títí dé 1952. Tí ẹ bá wá gbọ́ Linda lónìí, ó ṣeé ṣe kó ti di ìyá àgbà. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń fì sí ẹgbẹ́ Republican. Obìnrin sì ni Linda, àwọn obìnrin máa ń fì sí Democrat: nígbà tí wọ́n bi àwọn olùdìbò léèrè lẹ́yìn ìbò 2020, nǹkan bí obìnrin 57 nínú 100 ló ní Biden làwọn dìbò fún, ọkùnrin sì jẹ́ nǹkan bí 45. Ọjọ́ orí Linda ń fà á sọ́dọ̀ Republican, jíjẹ́ tó jẹ́ obìnrin ń fà á sọ́dọ̀ Democrat. Ta ló fẹ́ fi Linda nìkan búra?

Ní Nàìjíríà, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 93 ènìyàn tó wà nínú ìwé INEC fún ìbò 2023, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Iye ìbò ibùdó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kéde, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun ti ka iye àwọn Bọ́láńlé tó dìbò fún ẹgbẹ́ kan, àlá ló lá.

Wọ́n ní bí orúkọ ṣe ń dún lẹ́nu gan-an máa ń yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ṣé kì í ṣe àsọdùn?

Ìwádìí kan wà lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Chicago wo orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní California ní 2004, wọ́n fi wé bí àwọn ìyá wọn ṣe kàwé tó àti irú àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun tó kàwé, àwọn ìyá tó wà ládùúgbò àwọn Democrat máa ń wá orúkọ tí kò wọ́pọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ìró tó rọ̀, bíi L. Ní àdúgbò àwọn Republican, ìró tó le ló wù wọ́n, bíi K, T, B àti D. Ẹ wo àwọn ọmọ Sarah Palin, tó jẹ́ igbákejì McCain nígbà tí wọ́n díje lábẹ́ Republican ní 2008: Track, Bristol, Willow, Piper, Trig. Ẹ wo ti Obama, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat tó bá wọn díje: Malia àti Sasha.

Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ìdílé méjì kì í ṣe ẹ̀rí, àárín àwọn tí wọ́n wádìí nìkan ni àbájáde yẹn sì ti dúró. Ẹ má lọ gbé e ka orí Kọ́lá àti Lọlá.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ńkọ́? Orúkọ tiwọn máa ń yàtọ̀ pátápátá.

Ibí ni orúkọ àti ìbò ti súnmọ́ ara wọn jù, nítorí nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn dúdú tó ń dìbò níbẹ̀ ló ń dìbò fún Democrat. Orúkọ tó bá ti fi hàn pé dúdú lẹni, ó ti sọ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí orúkọ wọn di ohun tó dá yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó wo ìwé ìbí California rí i pé ìyàtọ̀ náà fẹjú lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àti ìgbéraga àwọ̀ dúdú gbóná. Ìran kan ń fi orúkọ ọmọ sọ̀rọ̀ sí ìjọba. Ní ti ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ, ó lè dàgbà kó má bá wọn ronú bákan náà.

Ìyà tó wà nídìí rẹ̀ kò kéré o. Ní 2004, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde: wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ ní Boston àti Chicago, ẹ̀kọ́ àti ìrírí kan náà, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Àwọn tó ń jẹ́ Emily àti Greg rí ìpè gbà ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ ju àwọn tó ń jẹ́ Lakisha àti Jamal lọ. Kò sẹ́ni tó bi Jamal ẹgbẹ́ wo ló wà.

Àwọn kan níbẹ̀ tún wá orúkọ dé ọ̀dọ̀ tiwa. Walter Eugene King, ọmọ Detroit, lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas ní Cuba ní 1959, ó padà dé, ó di Adéfúnmi. Ní 1970, ó dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina, àwọn tó bá a débẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, wọ́n ń kọlà, wọ́n ń bọ. Ẹ bá pàdé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ẹni àádọ́rin ọdún kan ní New York tó ń jẹ́ Olú, tí bàbá rẹ̀ sì ń jẹ́ Robert, ẹ lè fọkàn balẹ̀ pé ọkùnrin yẹn ti ronú nípa òṣèlú láyé rẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú orúkọ yẹn ni.

Bí bàbá bá fún ọmọ ní orúkọ olóṣèlú, ṣé ọmọ á tẹ̀ lé ìlànà olórúkọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ayé ti dán an wò dáadáa.

Lẹ́yìn 1917, nígbà tí Lenin àti àwọn Kọ́múnísìtì gba ìjọba ní Rọ́ṣíà, àwọn ará Soviet sọ ọmọ ní Vladlen, tí wọ́n gé lára Vladimir Lenin, ní Marlen, tí í ṣe Marx àti Lenin, àti ní Ninel, èyí tí í ṣe Lenin tí wọ́n kà láti ẹ̀yìn. Oktyabrina wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fún ìyípadà oṣù Kẹwàá. Àṣà yìí rìn jìnnà. Lọ́yà kan ní Venezuela tó gba ti Lenin sọ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Ilich, Lenin àti Vladimir. Ilich ló wá di Carlos, adàlúrú tí ọlọ́pàá Yúróòpù ń lé kiri láàárín àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé orúkọ ń ro ọmọ, ó lè mú ìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dé Ecuador. Lenín Boltaire Moreno jẹ ààrẹ níbẹ̀ láti 2017 sí 2021. Lenin àti Voltaire, òǹkọ̀wé Faransé, nínú orúkọ ẹnì kan! Ẹgbẹ́ àwọn òsì, ìyẹn àwọn tó ń sọ pé ti mẹ̀kúnnù làwọn ń ṣe, ló gbé e wọlé. Kò pẹ́ tó fi kẹ̀yìn sí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó lọ yá dọ́là bílíọ̀nù 4.2 lọ́wọ́ IMF ní 2019, ó sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. (Àwa náà mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí lára.) Àwọn ènìyàn tú sígboro débi pé ìjọba rẹ̀ sá kúrò ní Quito lọ sí Guayaquil, kó tó gba pé òun ó dá owó ìrànwọ́ epo náà padà. Àwọn tó ń sọ òkò sí ìjọba Lenín ni àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ẹ̀yà tí òyìnbó bá lórí ilẹ̀ náà.

Ní Íńdíà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Stalin, M. K. Stalin. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1953, Stalin ti Rọ́ṣíà kú lọ́jọ́ karùn-ún oṣù náà, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ òléwájú olóṣèlú sì fi orúkọ náà sọ ọ́. Ní 2021, ó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, ẹgbẹ́ DMK ni, tó ń jà fún èdè àti ìran Tamil, ìbò ló sì gbé e débẹ̀.

Èyí tó le jù nínú wọn ni ti Namibia. Ní oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n dìbò yan Adolf Hitler Uunona sí ipò kánsẹ́lọ̀ ní Ompundja lábẹ́ ẹgbẹ́ SWAPO, ẹgbẹ́ tó gba òmìnira fún ilẹ̀ náà. Jámánì ló ń ṣe ìjọba ibẹ̀ títí di 1915, àwọn orúkọ wọn kù sílẹ̀. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ó ṣeé ṣe kí bàbá òun má mọ ohun tí olórúkọ náà ṣe. Mo gbà á gbọ́. Òbí mélòó ló mọ gbogbo ìtàn tó wà lẹ́yìn orúkọ tó dùn-ún pè?

Tí ìjọba bá wá fipá yí orúkọ àwọn ará ìlú padà ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní 1972, Mobutu pàṣẹ ní Zaire pé kí gbogbo ènìyàn ju orúkọ ìrìbọmi òyìnbó nù. Òun náà bọ́ Joseph-Désiré sílẹ̀, ó di Mobutu Sese Seko. Ní 1974, Eyadéma gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Togo, ó ju Étienne nù, ó mú Gnassingbé. Àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé, ọmọ Oòduà bíi tiwa, wà lábẹ́ àṣẹ yẹn pẹ̀lú. Bulgaria ṣe é lódì kejì: láti ìparí 1984, wọ́n fipá gba orúkọ Mùsùlùmí lọ́wọ́ àwọn Túúkì tó wà nílùú wọn, wọ́n fún wọn ní orúkọ Bulgaria.

Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, orúkọ tó wà lórí káàdì ẹni ń sọ òṣèlú ààrẹ ni, kò sọ tẹni tó ni káàdì. Ẹni tó gbapò lọ́wọ́ Mobutu ní 1997, Laurent-Désiré ló ń jẹ́.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá pé orúkọ jẹ́ ìkéde òṣèlú?

Ó ṣẹlẹ̀ gan-an, ní Èkó. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn, tó padà wá láti Freetown ti gba ìrìbọmi, Johnson, Davies, Williams àti George ni wọ́n ń jẹ́, orúkọ wọ̀nyí sì ni àmì ọ̀làjú fún ọdún pípẹ́. Ìwà àwọn òyìnbó fúnra wọn ló da nǹkan rú. Wọ́n ń yọ dúdú kúrò nípò nínú ìjọ. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, rán wá sí odò Ọya fojú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther gbolẹ̀, bàbá náà sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn Onítẹ̀bọmi kan ti ya kúrò lábẹ́ òyìnbó ní 1888, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Aṣáájú pàtàkì nínú wọn ni David Brown Vincent, tí wọ́n bí ní Iléṣà. Ní 1894, ó bọ́ gbogbo orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Mojola Agbebi. Aṣọ òyìnbó náà, kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ní Freetown, William James Davis, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ti di Orishatukeh Faduma láti 1887.

Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ Yorùbá nínú àwùjọ àwọn Sàró nígbà náà, tó sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ kọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láì bi í. Orúkọ tó sọ̀rọ̀ jù tí mo mọ̀ nìyẹn.

Àmọ́, ẹ má yí i padà o. Ẹ má sọ pé ẹni tí kò bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ń ti òyìnbó lẹ́yìn. James Johnson, àlùfáà tó ń tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ ilẹ̀ wa ni kí wọ́n máa fi ṣe ìrìbọmi ọmọ, James Johnson ló jẹ́ títí tó fi kú. Ẹni tó sì yọ òyìnbó lẹ́nu jù l'Ékòó, tó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, Herbert ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Badmus Macaulay. Ọmọ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni, Badmus sì wà níbẹ̀! Ẹ wá fi ìyẹn mọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìran tó tẹ̀ lé wọn náà ṣe é. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bọ́ Frances sílẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nílùú Òyìnbó, kó tó padà dé ní 1922; ìgbà tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde lòdì sí owó orí, kò sí Frances mọ́. Azikiwe ju Benjamin nù ní 1934. Jeremiah ṣì wà nínú orúkọ Awólọ́wọ̀, ẹ̀yìn ló gbé e sí, Ọbáfẹ́mi ló gbé síwájú. Ní nǹkan bí 1975, Fẹlá yọ Ransome kúrò, ó fi Aníkúlápó sí i. Gbogbo wọn ni àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe.

Lónìí ńkọ́? Ṣé a lè fi orúkọ Yorùbá mọ ẹni tó jẹ́ APC, PDP tàbí Labour?

Rárá. Láàárín àwa sí àwa, ó ṣòro jù.

A ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé Yorùbá máa ń dàpọ̀. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ń jẹun nínú àwo kan náà, Rasheed á sì máa jẹ́ Akin. Bọ́lá Ahmed Tinúbú jẹ́ Mùsùlùmí, Olúrẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ ní Redeemed. Ìdílé tó ń jẹ́ Ògún tàbí Ifá tẹ́lẹ̀, tó wá sọ ọ́ di Olú tàbí Jésù, ìjọ tí wọ́n ń lọ ló ń tọ́ka sí.

Ìtàn ìbò náà kò ti àwọn afòye-gbé yìí lẹ́yìn. Ní 1993, Abíọ́lá ṣẹ́gun Bashir Tofa ní Kano tí Tofa ti wá. Ní 1999, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bá Olú Fálaè díje, ọmọ Yorùbá méjì, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló sì gbé Fálaè, tí Ògùn tó jẹ́ ilé Ọbásanjọ́ wà nínú wọn. Ní 2011, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tí Nuhu Ribadu, ọmọ Adamawa, ti mókè ní gbogbo Nàìjíríà ni Ọ̀ṣun. Nígbà tó di 2023, Ọ̀ṣun lọ sọ́dọ̀ Atiku, Èkó lọ sọ́dọ̀ Peter Obi pẹ̀lú ìbò 582,454 sí 572,606 ti Tinúbú, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Èkìtì dúró ti Tinúbú. Ta ló dìbò náà bí kì í bá ṣe àwọn Títílayọ̀ àti Gbénga kan náà?

Kí ẹ sì tún wo ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yí, tí orúkọ rẹ̀ ò yí. Augustus Meredith Àdìsá Akínloyè wọlé ìbò 1951 lábẹ́ Ibadan People's Party, ó bọ́ sínú Action Group, nígbà tí òṣèlú tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjọba ológun, òun ni alága NPN tó ń bá ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ figa gbága. Àdìsá ni ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ní Èkó, ní 2023, wọ́n lo orúkọ, àbí wọn ò lò ó?

Wọ́n lò ó, ó sì burú. Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour jáde fún ipò gómìnà lábẹ́ Labour. Ìdílé Èkó tó ti pẹ́ ló ti wá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, Chinedu sì wà lára orúkọ rẹ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ gbé Gbádébọ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Chinedu ni wọ́n ń pè kiri, kí olùdìbò lè rò pé àjèjì ló fẹ́ gba Èkó. Lọ́jọ́ ìbò, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, wọ́n dá àwọn ènìyàn dúró láwọn ibi kan torí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti Ìgbò. INEC kéde ìbò 762,134 fún Sanwó-Olú, 312,329 fún Rhodes-Vivour.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ náà kò sọ ohunkóhun nípa ètò tó ní fún omi, ọkọ̀ tàbí ilé ìwé. Àwọn tó ń pariwo rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè ka ọ̀rọ̀ fífi orúkọ mọ ẹgbẹ́ sí eré lásán nílẹ̀ yìí: tí ẹni tó ń fòye gbé e bá ní igi lọ́wọ́, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò, ó lè mú ẹ̀mí lọ.

Kí ló dé tí àwọn Faransé fi ń fi Kevin ṣe yẹ̀yẹ́?

Ọ̀rọ̀ olówó àti mẹ̀kúnnù ni. Títí di 1993, òfin tó ti wà láti ayé Napoleon ló ń darí irú orúkọ tí òbí lè fún ọmọ ní Faransé. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn òbí tó jẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí mú orúkọ tó dún bíi ti Amẹ́ríkà, Kevin sì gba ipò kìíní láàárín orúkọ ọmọkùnrin ní 1991. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgboro Paris ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn Kevin dàgbà, méjì nínú wọn wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2022, Kévin Pfeffer àti Kévin Mauvieux, àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹgbẹ́ Marine Le Pen, ẹgbẹ́ tó ń tako wíwọlé àwọn àjèjì. Jordan Bardella, tí wọ́n bí ní 1995, ló di alága ẹgbẹ́ náà ní ọdún kan náà. Wọn kò di ọmọ ẹgbẹ́ nítorí orúkọ. Irú ilé tó ń sọ ọmọ ní Kevin ni ẹgbẹ́ náà ti ń wá ìbò.

Mo rí ojú ìwé kan tó ní kí n tẹ orúkọ mi, òun á sọ ẹgbẹ́ mi. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ìṣirò ará Amẹ́ríkà ló sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ Susan, ó ní ọ̀kẹ́ àìmọye Susan tó fi ń wé e. Tí ẹ bá tẹ Babátúndé, àwọn díẹ̀ ló ní, á kàn rí i pé dúdú ni, á sì sọ pé Democrat. Babátúndé tó ń gbé Houston, tó jẹ́ díákónì, tó kórìíra owó orí, tó sì ń wo Fox News, tẹlifíṣọ̀n tí àwọn Republican fẹ́ràn, ní gbogbo alẹ́, kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Àwọn tó ń fi òṣèlú jẹun níbẹ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan, wọ́n á fi orúkọ ìdílé pọ̀ mọ́ àdúgbò kí wọ́n tó fura sí ẹ̀yà ẹni. Ẹ má sì fi orúkọ yín ní kíkún pẹ̀lú ọjọ́ ìbí yín síbi tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín.

Mo fẹ́ fi orúkọ olóṣèlú tí mo fẹ́ràn sọ ọmọ tuntun. Kí lẹ rí sí i?

Àwọn òbí Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lórí Hillary: orúkọ náà ń gòkè bọ̀ dé 1992, ọkọ Hillary Clinton wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, orúkọ náà sì já wálẹ̀ láàárín ọdún bíi mélòó kan, àwọn òbí ò fẹ́ kí ọmọ wọn ru ẹrù òṣèlú ẹlòmíràn. Tiwa tún le ju ìyẹn lọ. Ní 2025, gómìnà Delta àti ti Akwa Ibom fi PDP sílẹ̀ lọ sí APC láàárín oṣù méjì síra wọn, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn wọn. Bí ẹ bá ní dandan ni, ẹ dúró kí olóṣèlú náà kú ná, kó má baà sọdá kí ọmọ tó rìn. Tàbí kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí ìkarùn-ún, níbi tí Badmus wà nínú ti Macaulay.